Síìmù Nàìjíríà kọ́ ló ń jẹ owó yín lókè òkun

Ìmọ̀ràn kan wà tí gbogbo arìnrìn-àjò máa ń gbà láìtọrọ: "Bí bàálù bá ti balẹ̀, tètè yọ síìmù Nàìjíríà kúrò nínú fóònù o. Bí o bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò jẹ gbogbo owó rẹ tán." Ẹni tó ti dé Dubai lẹ́ẹ̀kan á sọ ọ́, ẹni tí kò kọjá Ṣàgámù rí náà á bá a tún un sọ. Èmi gan-an ti gba ènìyàn nímọ̀ràn yìí rí, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Ìyá kékeré mi ni. Ó wá sí Kánádà wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí mo ti fi yẹtí rẹ̀ yọ síìmù jáde. Ó fi tíṣù wé e, ó tì í sínú pọ́ọ̀sì, a ra síìmù ibẹ̀ fún un, ló bá ń pe gbogbo ayé. Oṣù mẹ́fà ló ní òun yóò lò. Oyún kejì tún dé, ó sì lo ọdún kan àti ààbọ̀.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí kápẹ́ńtà tó ń bá a kan òrùlé n'Íbàdàn, báńkì rẹ̀ ní kó tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. A tú tíṣù, a ki síìmù bọ fóònù. Kò mira. Mo fi fóònù tèmi pe nọ́ńbà náà, ọkùnrin kan gbé e: "Hẹ̀lóò, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Ìyá kékeré mi kàn ń wò mí ni. Nọ́ńbà tó ti ń lò láti ọdún 2004 ti di ti ẹlòmíràn, èmi ni mo sì ní kó yọ ọ́.

Síìmù tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń lò ní Nàìjíríà, owó là ń kó sí i kí á tó fi pè. Bí ₦500 bá wà lórí rẹ̀, ₦500 náà ló lè jẹ. Bó bá tán, ó tán. Kò ní jí dìde lóru lọ tú àpò báńkì yín, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣètò pé kí báńkì máa kó owó sí i nígbàkigbà tó bá ti tán. (Bí ẹ bá ti ṣe irú ètò yẹn, ẹ pa á kí ẹ tó wọ bàálù.) Ìtàn ẹni tó gba bíìlì fóònù tó tó owó mọ́tò kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tó ń lo fóònù láwìn ni: lò ó nísinsìnyí, a ó kọ owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lópin oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lò ó ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù náà ti ṣí wá bá wa. Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà le débi pé European Union fi òfin dá sí i: láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2017, ẹni tó ra síìmù ní Jámánì lè fi pè ní ilẹ̀ Faransé bí ẹni tó wà nílé. Ìgbà tí Ìlú Ọba kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àlejò lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn tó bá lọ sí Yúróòpù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí síìmù bá kọjá ibodè? Yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí à ń pè, síìmù ní nọ́ńbà mìíràn nínú tí àwa kì í rí, èyí tó máa ń gùn tó 15. Ti Nàìjíríà fi 621 bẹ̀rẹ̀. Òpó ibi tí ẹ dé á rí 621, á mọ̀ pé àlejò ni, á ránṣẹ́ béèrè nílé: "Ṣé ọmọ yín nìyí? Ṣé kí n gbà á sílé?" Bí ilé bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì á yọ lójú fóònù. Ìkíni yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀. (Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú irú nọ́ńbà yìí, 234 ni wọ́n fún Ìlú Ọba. Àwa ló ni +234 tí wọ́n fi ń pè wá, àwọn ló ni 234 tó wà nínú síìmù.)

Iṣẹ́ tí ẹ bá rán síìmù lẹ́yìn ìkíni ló ń jẹ owó. Dátà ni olórí wọn, nítorí fóònù kì í sùn: ẹ ti gbé e kalẹ̀, ó ṣì ń fa fọ́tò, ó ń fa fídíò, ó ń tún áàpù ṣe, gbogbo rẹ̀ ní iye owó àlejò. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni ẹ ó tẹ̀ láti dá a dúró, ibi tí wọ́n kọ "Data roaming" sí (roaming ni kí síìmù máa ṣiṣẹ́ lórí òpó ìlú àjèjì), pípa ló sì sábà máa ń wà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe fóònù. Pípe ènìyàn tún ń jẹ owó, gbígbé ìpè náà ń jẹ ẹ́. Ẹni tó pè yín láti Òṣogbo rò pé ẹ wà nítòsí, iye tó máa ń san ló sì máa san. Ẹ̀yin lẹ ó san owó ọ̀nà tó kù. Ẹ jẹ́ kó dún títí kó fi dákẹ́, kí ẹ wá pè é padà lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á ní, "Tí n kò bá ti gbé e, kò sí owó." Òótọ́ ni, bí kò bá sí voicemail, ìyẹn ibi tí ẹni tó pè yín tí ẹ kò gbé ti lè fi ohùn sílẹ̀, lórí ìlà yín. Bó bá wà, ìpè tí ẹ kò gbé ti rìn láti Nàìjíríà wá bá yín ní Toronto, kò rí yín, ó tún yíjú padà sílé lọ bá voicemail. Orí yín ni iléeṣẹ́ lè kọ owó àlọ àti àbọ̀ sí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ ##002#, kí ẹ pè é bí ẹni ń pe nọ́ńbà. Yóò fagi lé gbogbo ìpè tó ń darí lọ síbòmíràn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé ńkọ́? Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fóònù, ọ̀fẹ́ lẹ ó gbà á níbikíbi tí ẹ bá wà láyé. Orí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí sì ni OTP báńkì, irú nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ní kí ìyá kékeré mi tẹ̀ yẹn, ń gbà wọlé. Ohun tí a nílò síìmù yẹn fún gan-an lókè òkun, òun ni kò ní owó lórí, òun náà la wá ń fi tíṣù wé sínú pọ́ọ̀sì.

Yíyọ tí à ń yọ ọ́ ló léwu. Òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, sọ pé bí ìlà kan bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé fún iléeṣẹ́ fóònù, wọ́n lè dá a dúró. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọdún kan péré ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn sì ni BVN yín mọ̀. Òun ni NIN yín mọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé kí gbogbo wa so síìmù mọ́ NIN. Ọkùnrin tó gbé ìpè mi lọ́jọ́ yẹn kò ṣẹ ìyá kékeré mi. Síìmù tuntun ló rà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni OTP ìyá olóríire ń wọlé sí.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò pẹ́ lè bẹ iléeṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá òun pa nọ́ńbà náà mọ́. Òfin NCC fàyè gbà á fún ẹni tó bá ní ìdí gúnmọ́ láti kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọdún kan ó kéré tán. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n pa mọ́ kò ní gba OTP, nítorí náà èmi ò fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tó ṣì ń ná owó nílé.

Àwọn oníṣòwò tó ń lọ Kútọnu ní tiwọn, ìdàkejì èyí ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n á ní, "MTN ni mò ń lò, MTN wà ní Kútọnu, ilé ni mo wà." Rárá o. Orúkọ ló jọra, ilé ò papọ̀. Síìmù ti Benin fi 616 bẹ̀rẹ̀, tiyín fi 621 bẹ̀rẹ̀, lójú òpó ibẹ̀ àlejò ni yín bí ẹni tó gbé síìmù Airtel dé. Kódà ẹ lè má tíì kọjá ibodè. Ní agbègbè Sẹ̀mẹ̀, agbára òpó Benin lè ju ti tiwa lọ, fóònù á sì rọra sá lọ bá a láìdágbére. Ẹ wọ settings, kí ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà. ECOWAS ṣe òfin lórí roaming ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbọ́kàn lé e, ẹ kọ́kọ́ pe 300, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bá iléeṣẹ́ fóònù yín sọ̀rọ̀, kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ lórí ìlà tiyín. Bí ẹ bá sì ń pe oníbàárà yín ní Kútọnu tí kò wọlé, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà àtijọ́ lẹ ń pè: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ti fi 01 síwájú nọ́ńbà wọn, ó ti kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá.

N ò ní kí ẹ má ra síìmù ibi tí ẹ lọ o. Ẹ rà á, òun ni kó máa ṣe dátà, òun ni kó máa pè. Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel tó wà lọ́wọ́ wa ló gba síìmù méjì. Ẹ fi ti ibẹ̀ sójú kan, kí ẹ fi ti ilé sójú kejì, kí ẹ pa data roaming rẹ̀. Ẹni tó ra iPhone 14 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e láti Amẹ́ríkà kò ní rí ojú síìmù kankan lára rẹ̀, eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú fóònù. WhatsApp ò bìkítà nípa síìmù tuntun, orí nọ́ńbà àtijọ́ ni yóò wà. Bó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ ní rárá.

Nígbà míì, ẹnìkan á fi síìmù sí fóònù ní Amẹ́ríkà, kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á ní síìmù ti kú. Ó lè jẹ́ fóònù ló ti darúgbó. AT&T ti pa 3G rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, Verizon pa tirẹ̀ ní ìparí ọdún kan náà, fóònù tí kò bá sì lè pe ìpè lórí 4G kò ríbi fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ wọn. Tàbí kó jẹ́ pé ẹ kò ní kí iléeṣẹ́ ṣí roaming sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbéra. Ilé ni wọ́n ti ń pe 300 fún ìyẹn, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé Houston.

Ìyá kékeré mi ní láti dé Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kí báńkì tó gbà pé òun ni òun. Ó ti padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí, síìmù rẹ̀ tuntun sì wà nínú fóònù lójú kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi síìmù ilé yẹn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́, kí iléeṣẹ́ lè rí i pé ìlà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ju ti ilé lọ, ó sì ń kùn. Kápẹ́ńtà yẹn ló máa ń fi í ránṣẹ́ sí: "Òrùlé mi ńkọ́?"