Kí Lọ́yà Dé Tèsàn Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Síwèé

Èsì àná náà ni ìjọba tún fún wa: owó ni kò jẹ́ kí lọ́yà ọ̀fẹ́ kárí àwọn aláìní l'Abẹ́òkúta. A kò gbà. Ó ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ yìí lọ tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi, owó ìlú la sì fi ń bọ́ wọn. Ìyẹn rówó ná.

A ti wí i lójú ewé yìí, a ó sì tún un wí: kí ẹjọ́ tálákà tó dé kóòtù ló ti ń bàjẹ́. Tèsàn ọlọ́pàá ló ti ń bàjẹ́. Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí wọ́n kó ní Láfẹ́ńwá lóru. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀, kò sì lè kà á. Ebi ń pa á. Ìyá rẹ̀ ń sáré owó béèlì kiri, béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé náà. Nígbà tí lọ́yà Legal Aid, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún aláìní ní lọ́yà ọ̀fẹ́, yóò fi dìde fún un ní kóòtù Ìṣábọ̀, tòun ti fáìlì rẹpẹtẹ lábíyá, ọmọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ de ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015 dárúkọ òṣìṣẹ́ Legal Aid mọ́ àwọn tó lè jókòó ti afurasí bó bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Láti 1976 ni àjọ náà ti wà. Òfin rẹ̀ ti 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni kí wọ́n ràn lọ́wọ́, àfi bí àjọ bá fojú àánú wo ẹlòmíì. ₦70,000 ni owó ọ̀hún. Ṣé káfíńtà tó ń rí ₦80,000, tó ń sanwó ilé, tó ń bọ́ ọmọ, ló fẹ́ gba lọ́yà? Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń tàn?

Èkó kò jókòó de Àbújá. Láti 2000 ni wọ́n ti dá OPD, iléeṣẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ tiwọn, sílẹ̀. Ẹ̀gbá tó ní ìjọba àti kóòtù tirẹ̀ títí di 1914 kò yẹ kó máa wojú ẹnikẹ́ni lórí èyí.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn l'Òkè-Mọ́sàn ni ọ̀rọ̀ kàn. Kí wọ́n fi òfin ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò aláìní, kí wọ́n má sì fi wọ́n sábẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́, nítorí òun ló ń pe aráàlú lẹ́jọ́. Kí wọ́n pín wọn sí tèsàn, tọ̀sán tòru, pàápàá láti alẹ́ Fúráìdé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè tí kóòtù kì í jókòó.