Ibi Tí Ẹṣin Ti Ń Sáré Ní Abúlé Wa

Ta ni kò mọ oríkì Ìlọrin? Ìlú tóbi tó yìí, wọn ò ní eégún. Ẹṣin ni eégún ilé baba wọn, ọ̀kọ̀ sì ni orò ibẹ̀. Ẹnu wa kò sinmi lórí ẹṣin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹṣin fi pátákò tẹ̀ ni a ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi kò sì dùn sí i rárá.

Ní abúlé ìyá mi lẹ́yìn Ìlọrin, pápá gbọọrọ kan wà láàárín gáà àwọn Fúlàní àti oko iṣu wa, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ẹṣin sáré ìje ní ọjọ́ kejì Ìleyá. Bàbá àgbà mi sọ fún mi pé wọn kò ṣe ọgbà yí i ká, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Ìdí igi òrí kan ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń gbéra, wọn a sáré dé ìdí ọ̀gán ńlá kan, wọn a ṣẹ́rí padà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan igi náà láti orí gàárì ni ó gbégbá orókè. Aṣọ òfì ni wọ́n fi ń ta á lọ́rẹ.

Irú pápá bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí ní Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú, nítorí eṣinṣin tsetse inú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dàn tiwa ni àwọn ẹṣin tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọya ti ń rí koríko jẹ. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun Ìlọrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840; nígbà tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sì fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìlọrin ní ọdún 1897, iṣẹ́ ogun bọ́ lọ́rùn ẹṣin, ó ku ọdún àti ìje.

Àwọn kan ń sọ pé ẹṣin tí Ẹ́míà máa ń gùn nígbà ọdún ti tó láti pa àṣà náà mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹṣin ọ̀ṣọ́ ni ìyẹn. Ní ti ìje, gbogbo abúlé ló ni ín. Ọmọ darandaran lè gba iwájú mọ́ ọmọ ọlọ́lá lọ́wọ́.

Pápá ìje ẹṣin ti Èkó pàápàá ti di Tafawa Balewa Square láti ọdún 1972, síbẹ̀ ìtàn kò gbàgbé pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá òmìnira ní ọdún 1960. Tiwa kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Nígbà tí wọ́n gé e sí pulọ́ọ̀tì, kò sí òpópó kan ṣoṣo tí wọ́n fi pápá náà sọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo bẹ àwọn baálẹ̀ wa pé kí wọ́n fi pápá náà sọ òpópó kan lórúkọ, kí àwa ọmọ abúlé sì jókòó ti àwọn àgbà tó ṣẹ́kù, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù wa.

Igi òrí náà ṣì dúró lẹ́yìn ilé kan. Lọ́dún tó kọjá, mo kanlẹ̀kùn onílé, mo sọ ohun tí igi náà jẹ́ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní kí n fi ibi tí ọ̀gán náà wà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n.