"The whole nine yards" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun

Ẹ kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ yín pé àwọn awakọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kejì ló dá "the whole nine yards" sílẹ̀, àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "gbogbo rẹ̀ pátá", nítorí bẹ́líìtì ọta ìbọn wọn gùn tó yáàdì 9. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé ìròyìn kan ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, ti tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1908, nígbà tí ogun náà ṣì ku ọdún 31 kó tó bẹ̀rẹ̀! Ní 1912, wọ́n kọ "the whole six yards" ní Kentucky, ìtumọ̀ kan náà: gbogbo rẹ̀ pátá. Bí 6 bá lè di 9 tí ìtumọ̀ ò yí padà, bẹ́líìtì wo la wá ń wọ̀n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á.