Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé Rí?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ HBO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré House of the Dragon jáde, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Amazon fi fi The Rings of Power síta. Eré méjèèjì ló padà sẹ́yìn lọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìtàn tí àwọn olùwòran ti mọ̀ dunjú: ti HBO lọ sí nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú Game of Thrones, ti Amazon sì lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú The Lord of the Rings. Kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé orí amóhùnmáwòrán rárá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe hun ìtàn náà ló dá ìjà sílẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó rí i. Pé àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀ ló bí àwọn kan nínú. A fẹ́ sọ èrò wa láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Olùwòran lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe lámèyítọ́ eré tí kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún òṣèré pé àwọ̀ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó yẹ ní ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n orí dá. Ilé iṣẹ́ tí ó bá sì gba irú òṣèré bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ jẹ ẹ́ ní gbèsè ààbò, ó sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ipa gidi nínú ìtàn.

Steve Toussaint, òṣèré aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni HBO fún ní ipa Corlys Velaryon, olówó rẹpẹtẹ tí ó ní ọkọ̀ ojú omi ju ẹnikẹ́ni lọ, tí wọ́n ń pè ní Ejò Òkun. Bí wọ́n ti kéde orúkọ rẹ̀ ni èébú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lù ú lórí ayélujára. Ó sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí fara mọ́ dírágónì tí ń fò lójú ọ̀run, wọ́n fara mọ́ irun funfun àti ẹyinjú aláwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin dúdú jẹ́ ọlọ́rọ̀ ni wọn kò lè gbé mì. George R. R. Martin tí ó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìgbà kan wà tí òun rò ó láti sọ àwọn ará Valyria, ilẹ̀ ìgbàanì kan nínú ìtàn náà, tí ìdílé Velaryon ti ṣẹ̀ wá, di aláwọ̀ dúdú. Bí ẹni tí ó ni ìtàn kò bá rí i bí èèwọ̀, a kò mọ ibi tí àwọn mìíràn ti rí àṣẹ tí wọ́n fi ń ka èèwọ̀.

Ohun tí àwọn aláriwo kò sì dúró wò ni bí ìpinnu yìí ṣe wọ inú ìtàn náà lọ. Ọmọ Corlys ni Laenor, òun sì ni ọkọ Rhaenyra tí yóò jọba. Ọmọkùnrin mẹ́ta tí Rhaenyra bí kò jọ Laenor rárá, ẹ̀ṣọ́ kan tí ń jẹ́ Harwin Strong ni wọ́n jọ. Nínú ìwé, irun orí àwọn ọmọ náà ló ń tú àṣírí, àhesọ lásán sì ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí ń sọ ọ́. Lórí amóhùnmáwòrán, bàbá dúdú, ọmọ funfun báláú. Gbogbo ẹni tí ó wọ ààfin ló rí i, ọba pàápàá rí i, gbogbo wọn sì panu mọ́. Nígbà tí Vaemond, àbúrò Corlys, wá dìde síwájú ìtẹ́ ní ìpele kẹjọ, tí ó wo àwọn ọmọ náà tí ó sì pè wọ́n ní ọmọ àlè, ìjà ogún ló ń jà: kò fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé wọn jókòó sórí oyè ilé wọn. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa tí idà Daemon, ọkọ kejì Rhaenyra, fi gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Òkè orí rẹ̀ ṣubú sílẹ̀, ahọ́n tí ó fi sọ òtítọ́ sì kù sórí ọrùn. Òtítọ́ tí gbogbo ojú rí ni wọ́n pa á sí. Wil Johnson tí ó ṣe ipa náà ṣe é débi pé a kò lè ronú Vaemond mìíràn mọ́. Ta ni yóò wo ìran yẹn tán tí yóò ní àwọn òṣèré dúdú ba ìtàn jẹ́?

Ní ti Amazon, igbe tí a gbọ́ jù lọ ni pé kí wọ́n tẹ̀ lé ìwé Tolkien, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ The Lord of the Rings. Ìwé náà wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ The Lord of the Rings, níbi tí Tolkien ti ń ṣàlàyé ẹ̀yà mẹ́ta tí àwọn Hobbit, àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn rẹ̀, pín sí, ó kọ ọ́ kedere pé àwọ̀ ara àwọn Harfoot ṣókùnkùn ju ti àwọn yòókù lọ. Àgbà kan láàárín àwọn Harfoot yìí gan-an ni wọ́n fi Lenny Henry, òṣèré aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tí àwọn ènìyàn fi bú u pé ó sọ ìwé náà di ìdàkudà. Ẹni tí ó bá ń fi ìwé jà, ó yẹ kí ó ti kà á.

Àwọn kan láàárín àwa Yorùbá pàápàá máa ń béèrè pé, bí òyìnbó bá wá ṣe Ṣàngó nínú eré, ṣé a óò gbà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ọba Ọ̀yọ́ ni ìtàn wa pe Ṣàngó. Àwọn tí ń bọ ọ́ ṣì wà láàyè ní ilẹ̀ yìí, ní Brazil àti ní Kúbà. Ìran kan ló ni ín, ìran náà kò sì tíì kú. Westeros, ilẹ̀ inú House of the Dragon, kò ní ìran kankan láyé yìí, kò sí ẹni tí wọ́n sin bàbá ńlá rẹ̀ sí Driftmark, erékùṣù ìdílé Velaryon. Ọ̀rọ̀ Tolkien ló le díẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun fẹ́ ṣe àkójọ ìtàn ìwáṣẹ̀ kan tí òun yóò fi ta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ. Ó dára. Sarehole, abúlé kan lẹ́bàá Birmingham, ni Tolkien ti ṣe kékeré. Dudley tí kò jìnnà sí Birmingham ni wọ́n bí Lenny Henry sí ní 1958, fún àwọn òbí tí wọ́n wá láti Jàmáíkà. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Tolkien ta lọ́rẹ, ọmọ Dudley wà lára àwọn tí ó ta lọ́rẹ.

Síbẹ̀, a kò ní torí èyí fọwọ́ bo àléébù àwọn ilé iṣẹ́ náà. Owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là ni Amazon ná sórí abala kìíní eré rẹ̀, àwọn olùwòran sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí owó náà rà. Nígbà tí èébú pọ̀ jù, Amazon dá èrò tí àwọn olùwòran ń kọ sórí ìkànnì rẹ̀ dúró fún wákàtí 72 kí wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, àti olóòótọ́ àti olóríburúkú ni ìdádúró náà sì kàn. Ẹni tí ó béèrè bí Galadriel, akọni obìnrin láti ẹ̀yà Elf, àwọn àìkú inú ìtàn náà, ṣe fò bọ́ sáàárín agbami, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀tá tí ó ti ń wá kiri láti ayébáyé gan-an ló bá lórí àjákù ọkọ̀ níbẹ̀, kò hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìbéèrè ẹni tí ó mọ ìtàn í gbọ́ ni. Kò yẹ kí ilé iṣẹ́ sá sẹ́yìn òṣèré dúdú nígbà tí wọ́n bá ń bi í léèrè iṣẹ́ òǹkọ̀wé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni àwọn òṣèré The Rings of Power pa ohùn pọ̀ láti bẹnu àtẹ́ lu èébú àti ìhàlẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn mẹ́rin tí wọ́n ṣe Hobbit nínú sinimá The Lord of the Rings àtijọ́ sì wọ aṣọ tàbí fìlà tí ó fi hàn pé ẹ̀yìn wọn ni àwọn wà. Ó wú wa lórí. Ṣùgbọ́n Ismael Cruz Córdova, tí ó ṣe Arondir, ọ̀kan nínú àwọn Elf inú eré náà, ti ń gba ọ̀rọ̀ ìríra láti ìgbà pípẹ́ kí eré náà tó jáde. Ìgbà náà gan-an ló nílò alátìlẹyìn jù.

Ọmọ tiwa kan ti kọ́kọ́ jẹ ìyà yìí. John Boyega, tí Adégbóyèga jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, tí wọ́n bí sí London ní 1992, kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nínú ìpolówó Star Wars tí ó jáde ní 2014 tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ní 2020, ó sọ ọ́ síta pé Disney, ilé iṣẹ́ tí ó ni Star Wars, fi òun polówó ọjà tán, wọ́n sì tì òun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n kọlu Moses Ingram, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú, ní 2022 nítorí ipa rẹ̀ nínú Obi-Wan Kenobi, eré Star Wars mìíràn, Star Wars sọ̀rọ̀ ní gbangba lórúkọ ara rẹ̀, Ewan McGregor, olórí òṣèré eré náà, sì gbèjà rẹ̀. Boyega ní bí wọ́n ṣe dáàbò bo Ingram mú kí òun náà rí i bí ẹni pé wọ́n dáàbò bo òun. Ọdún méje ti kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ.

Èyí ni a fi ń sọ pé kí ààbò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde orúkọ òṣèré, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn tí ń kọ eré sì yé fọ́n aláwọ̀ dúdú sínú ìtàn bí ẹní fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nínú abala kìíní The Rings of Power, Arondir wà láàárín àwọn Elf tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun tán, a kò sì rí ilé tàbí ará rẹ̀ kan. Ìdílé kan odindi, tòun ti bàbá, ọmọ, àbúrò àti ọmọ-ọmọ, ni HBO fún wa, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

HBO náà kò sì mọ́ tán. Nínú ìwé Martin, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, Nettles, ń gbé àgùntàn lọ bọ́ dírágónì ìgbẹ́ kan lójoojúmọ́ títí tí ó fi mọ̀ ọ́n. Abala kejì, ní 2024, yọ Nettles kúrò, ó sì fi dírágónì rẹ̀ síwájú Rhaena, ọmọ-ọmọ Corlys. Ẹni tí ó bá ní ìwé ni òun ń gbèjà, ibẹ̀ ló yẹ kí ohùn rẹ̀ ti ròkè. Ní ìparí abala yẹn kan náà, Alyn dojú kọ Corlys, bàbá tí kò kà á sí ọmọ, ó sì ka ebi àti ìtìjú tí ó fi dàgbà sí i létí láìṣẹ́jú. Abubakar Salim tí ó ṣe Alyn gba eré náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti kéde pé abala mẹ́rin ni eré náà yóò jẹ́. Kí wọ́n fún Rhaena àti Baela, ọmọ ìyá rẹ̀, ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ.