Lẹ́ǹsì yẹn ò tíì kú: èsì wa sí bọ̀ọ̀dá tó ra Helios

Ẹ káàsán o, bọ̀ọ̀dá wa. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa, ẹ sì tún ṣé tẹ́ ẹ kọ ọ́ síta dípò kẹ́ ẹ kàn máa bínú nílé. Ìràwọ̀ méjì tẹ́ ẹ fún wa, mo ti rí i, ó dùn mí díẹ̀ àmọ́ kò sí wàhálà. Fún ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ̀ ń kà á tẹ́ ò mọ bó ṣe jẹ́, ohun tí bọ̀ọ̀dá sọ ni pé àwọn ra Helios 44M-4, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, lọ́wọ́ wa láti fi sórí kámẹ́rà Sony A6000, àwọn gbé e lọ sóde ìgbéyàwó ní Sátidé, kámẹ́rà kọ́kọ́ ní òun ò rí lẹ́ǹsì kankan, ìgbà tó wá yà á tán fótò tí wọ́n yà níta gbangba funfun báláú, fótò ẹbí tí wọ́n tò sí ìlà méjì, àwọn tó wà níwájú mọ́ kedere, àwọn tẹ̀yìn rí bàìbàì, àwọn sì yí òrùka aperture (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i) dé 8, dé 11, dé 16, ìyàtọ̀ ò sí, ni wọ́n bá ní abẹ́ inú ẹ̀ tó ń pa ihò yẹn dé ti gan, tòkunbọ̀ tó ti kú la tà fáwọn, ká dá owó àwọn padà.

Bọ̀ọ̀dá, abẹ́ inú ẹ̀ ò gan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú lẹ́ǹsì yẹn kúrò lára adápítọ̀ (òrùka tó so ó mọ́ kámẹ́rà) báyìí tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, ẹ máa rí pin irin kékeré kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fi ń yí i wọ kámẹ́rà, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ẹ yí òrùka aperture sí 16, kẹ́ ẹ wá wo inú gíláàsì. Gbayawu ló máa là sílẹ̀, àfi bíi pé ẹ ò yí nǹkan kan. Ó dáa. Ẹ wá fi ìka tẹ pin yẹn wọlé, ẹ má gbójú kúrò nínú gíláàsì. Ṣẹ́ ẹ ti rí i? Gbogbo abẹ́ yẹn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ihò kékeré ló kù láàárín. Ẹ ṣíwọ́ kúrò, ó tún là padà wàràwàrà, kò fà rárá, kò sí epo lára ẹ̀. Ohun tí mo ṣe nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó sanwó nìyẹn, ẹ sì fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé kámẹ́rà Zenit tó jẹ́ ti Soviet ni wọ́n ṣe lẹ́ǹsì yìí fún láyé ọjọ́un, inú lẹ́ǹsì gan-an lẹni tó ń ya fótò sì ń gbà wo ohun tó fẹ́ yà, tí aperture bá ti pa dé sí 16 báyìí òkùnkùn máa bo ojú ẹ̀, kò ní lè rí fókọ́ọ̀sì. Ni wọ́n bá ṣe é kó máa là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìgbà téèyàn bá tẹ bọ́tìnì ni irin pẹlẹbẹ kan nínú kámẹ́rà á ti pin yẹn, abẹ́ á pa dé síbi téèyàn yí i sí, fótò á wọlé, á tún là. Sony yín ò ní irin yẹn. Fuji ò ní in, Canon R ò ní in, Nikon Z náà ò ní in. Adápítọ̀ ló gbọ́dọ̀ bá wọn tẹ pin yẹn mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Adápítọ̀ M42 (irú ẹnu oníyíyí tí Helios yín ní) sí Sony tó wà lọ́jà, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tínú ẹ̀ ṣófo látòkè délẹ̀, òrùka lásán ni. Èkejì ní etí irin kan tó yọ yíká nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti yí lẹ́ǹsì wọ̀ ọ́ dópin, etí yẹn á gbé pin wọlé, kò ní jẹ́ kó jáde mọ́, látìgbà náà lọ òrùka aperture yín ló máa pàṣẹ. Ẹ wo inú tiyín. Fótò adápítọ̀ tẹ́ ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, mo sún un mọ́jú dáadáa, oníhò ni, èyí tínú ẹ̀ ṣófo yẹn. Ẹ sì rántí pé mo bi yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ra lẹ́ǹsì pé ṣé kí n fi olétí kún un, ẹ ní ẹ ti ní tiyín nílé. Ẹ ò ṣẹ̀ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀, àwọn míì tó ń tà á gan-an ò mọ̀. Tó bá jẹ́ Helios 44-2 lẹ rà ni, oníhò yẹn ì bá ṣiṣẹ́ torí 44-2 ò ní pin rárá, ọwọ́ lẹ fi ń pa á dé. 44M tó ṣáájú tiyín ní bọ́tìnì A àti M lára tẹ́ ẹ lè fi sí M kó gbàgbé pin. 44M-4 ni wọ́n ti yọ bọ́tìnì yẹn kúrò. Super-Takumar ti Pentax náà ní bọ́tìnì yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé Takumar kì í fún èèyàn ní wàhálà, kódà tí gíláàsì ti 50mm f/1.4 bá ti pọ́n díẹ̀, thorium, èròjà kan tí wọ́n fi sínú gíláàsì ẹ̀, ló fà á, ẹ gbé e sóòrùn fúngbà díẹ̀ ó máa mọ́ padà.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò ẹ̀ kẹ́ ẹ má lọ rò pé ọjà mi ni mo kàn ń gbèjà. Oòrùn ọ̀sán gangan, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí), tí aperture bá wà ní 16, kámẹ́rà nílò shutter (àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé) bíi 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Tiyín ò kúrò ní 2 ní gbogbo ọjọ́ yẹn láìka ohun tẹ́ ẹ yí òrùka sí, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ní 2 sì jẹ́ ìlọ́po 64 ti 16, ìyẹn ni pé shutter ní láti dé 1/6400. A6000 ò lè kọjá 1/4000. Kó tiẹ̀ fẹ́ ṣe dáadáa, agbára ẹ̀ ò gbé e, aṣọ ìyàwó ló sì máa kọ́kọ́ jóná torí òun ló funfun jù níbẹ̀. Tẹbí náà, bákan náà ni. Tẹ́ ẹ bá dúró ní mítà 3 sí wọn pẹ̀lú lẹ́ǹsì 58mm yìí ní f/2 (aperture 2 náà nìyẹn) lórí A6000, ibi tó máa mọ́ látiwájú dẹ́yìn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìlà ẹ̀yìn ti jáde nínú ẹ̀ nìyẹn, ìyá ọkọ wà níwájú ó mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́yìn di kùrukùru. Ká ní aperture ti lọ sí 8 lóòótọ́ ni, ẹ máa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 85. Ìlà méjì máa wọ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sún mọ́ra díẹ̀.

Ti kámẹ́rà tó ní òun ò rí lẹ́ǹsì, nǹkan kékeré ni, ẹ wọ Menu, ẹ wá Release w/o Lens, ẹ fi sí Enable, ó parí. Kò sí waya tàbí iná kankan láàárín wọn, kò sí bí kámẹ́rà ṣe fẹ́ mọ̀ pé nǹkan wà lórí òun. F-- tẹ́ ẹ sì ń rí lójú ẹ̀ kì í ṣe àrùn, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ẹ lò ó lórí A tàbí M ti orí kámẹ́rà, kì í ṣe ti bọ́tìnì lẹ́ǹsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún ní ẹ yí fókọ́ọ̀sì dópin síbi àmì infinity (ibi tó jìnnà jù lọ), ọ̀nà jíjìn ò sì mọ́. Adápítọ̀ náà ló tún wà nídìí èyí. M42 fẹ́ kí lẹ́ǹsì jìnnà sí fíìmù tàbí sensor (ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) ní mìlímítà 45.46, ti Sony E jẹ́ 18, ohun tó kù láàárín ni 27.46, adápítọ̀ gbọ́dọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gé kúrú díẹ̀ kí infinity má baà sọnù, òrùka fókọ́ọ̀sì á wá máa kọjá infinity kó tó dúró, tẹ́ ẹ bá yí i dópin ẹ ti rékọjá nìyẹn. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ǹsì, ojú kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ dúró síbi tó bá ti mọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú kámẹ́rà yìí náà ó, mo rí i nínú fótò yín pé peaking (àwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń kùn etí ohun tó bá mọ́) lẹ fọkàn tán. Peaking dáa, èmi náà ń lò ó, àmọ́ ní òde Yorùbá ó máa ń tan èèyàn gan-an. Ẹ wo fótò tẹ́ ẹ ya màmá tó wọ léèsì tí wọ́n to òkúta sí lára yẹn. Gbogbo òkúta yẹn ń dán yinrinyinrin, etí gèlè ń dán, kámẹ́rà á kùn wọ́n ní pupa látòkè délẹ̀, ẹ̀yin á rò pé fókọ́ọ̀sì ti wọlé, kẹ́ ẹ tó délé kẹ́ ẹ wá rí i pé léèsì ló mọ́, ojú màmá ò mọ́. Ẹ dín Peaking Level kù sí Low, kẹ́ ẹ fi Focus Magnifier sórí bọ́tìnì kan tí ìka yín máa ń dé, ẹ sún ojú ẹni náà mọ́ra, ẹyinjú ni kẹ́ ẹ wò. Kẹ́ ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì ní f/2 kẹ́ ẹ tó pa aperture dé síbi tẹ́ ẹ fẹ́, torí ní 2 lẹ máa rí ibi tó mọ́ àtibi tí ò mọ́ dáadáa. Ó máa gba sùúrù o. Iná LED aláràbarà tí wọ́n ń tàn sẹ́yìn tọkọtìyàwó nínú họ́ọ̀lù náà, tó bá kọjú sí lẹ́ǹsì yìí tààràtà fótò á ṣì, kò ní ohun tí wọ́n ń kùn sójú gíláàsì ti òde òní lára, ẹ wá hood 52mm oní-rọ́bà kan (ohun tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé) fi síwájú ẹ̀.

Tèmi o, mi ò ní gbé lẹ́ǹsì ọwọ́ nìkan lọ sóde ẹni tó sanwó fún mi, lẹ́ǹsì autofocus (tó ń ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀) tó bá kámẹ́rà wá ni mo máa fi ṣiṣẹ́, ti wọlé-wọlé, ti ijó, ti owó níná, kí n wá yọ Helios fún fótò ìyàwó lábẹ́ igi níta nígbà tára ti balẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dùn. Kí n sì sọ èyí táwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sọ: ẹ̀yìn fótò tó máa ń yí po tẹ́ ẹ rí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á, orí full-frame (kámẹ́rà tí sensor ẹ̀ tóbi ju ti A6000 lọ) ló ti máa ń hàn dáadáa, A6000 ń gé etí fótò kúrò, etí yẹn gan-an ló sì ń yí. Ẹ máa rí díẹ̀, tí ewé bá wà lẹ́yìn tí kò jìnnà jù, tẹ́ ẹ ṣí i sí 2. 58mm yẹn á sì dà bíi 87mm lórí tiyín, nítorí náà pálọ̀ kékeré ò gba ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́wàá lójú ẹ̀, ẹ máa fẹ̀yìn gún ògiri ni.

Ẹni tó kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé gbogbo lẹ́ǹsì àtijọ́ ló ní fungus (ohun tó ń hù bí olú nínú gíláàsì), irọ́ ni, àmọ́ bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe pọ̀ nílùú wa ó lè ní in téèyàn bá tì í mọ́ inú báàgì aláwọ. A máa ń tan tọ́ọ̀ṣì látẹ̀yìn wò ó kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, tiyín mọ́. Ẹ fi silica gel, ohun tó ń fa ọ̀rinrin, sínú àpótí ẹ̀.

Ní ti owó, ohun tá a máa ṣe nìyí. Ẹ gbé lẹ́ǹsì, kámẹ́rà àti adápítọ̀ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ yòówù yàtọ̀ sí Sunday. Màá tẹ pin yẹn níwájú yín, tí abẹ́ ò bá pa dé, tàbí tó bá fà, owó yín pé, mi ò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Tó bá pa dé, màá fi adápítọ̀ olétí sí i, a máa jáde síta ká ya fótò ní 2, ní 8 àti ní 16, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi oníhò yẹn sílẹ̀ fún mi, ẹ san ìyàtọ̀ owó, kò tó nǹkan, oníbàárà tó bá ra 44-2 lẹ́yìn yín ni màá fún. Tẹ́ ẹ bá sì ṣì ní ẹ ò fẹ́ lẹ́ǹsì ọwọ́ mọ́, ìyẹn náà yé mi, ẹ lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ ohun míì tá a ní nílẹ̀ ní iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tú u o, àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e fún, tí wọ́n bá ti fi screwdriver kàn án, mi ò lè gbà á padà mọ́. Ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí n lè mú adápítọ̀ yẹn sílẹ̀ dè yín.