Ọdún Láàbù Lẹ́yìn Dìgírì Àkọ́kọ́ Kì Í Ṣe Ibi Ìfarapamọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ bàólójì tàbí kẹ́mísírì, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé “ẹ kú oríire” ni pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wo ló gbà á. Bí ọmọ náà bá dáhùn pé láàbù tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àtọ̀gbẹ ni òun fẹ́ lọ fún ọdún kan tàbí méjì, àwọn àgbà á wo ara wọn lójú, wọn á sì rọra bi ìyá rẹ̀ bóyá kò sí nǹkan. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ibi tí àwọn tí máàkì wọn kò tó ń fara pamọ́ sí ni irú ọdún lẹ́yìn dìgírì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní postbac. Ìgbàgbọ́ yìí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ló kọ́kọ́ fa àṣìṣe náà, nítorí pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ postbac. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó fún, kí ó lè tún kọ́ọ̀sì kan ṣe tàbí kí ó kọ́ èyí tí kò kọ́ rí, kí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó lè gbà á. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ kíkọ́ nínú láàbù, tí wọ́n sì ń san owó àjẹmọ́nú fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Irú èkejì yìí wà ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland. NIDDK ni ẹ̀ka rẹ̀ tó ń bójú tó àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín, ó sì tún ní ibùdó kan ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Olùwádìí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni yóò kàn sí fúnra rẹ̀, olùwádìí náà ni yóò sì yan ẹni tí ó bá wù ú láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Mi ò rí bí ibi tí wọ́n ti ń yan èèyàn lójú méjèèjì ṣe lè jẹ́ ibi ìfarapamọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé kò sí ohun gidi tí ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe, kí ó wo bí ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ wálẹ̀, ṣe dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1921, Charles Best, ọmọ ọdún 22, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ dìgírì àkọ́kọ́ nínú físíọ́lọ́jì àti bàókẹ́mísírì ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. R. Macleod fẹ́ fún Frederick Banting, tó ń wá oògùn náà, ní olùrànlọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló sì wà nílẹ̀, Best àti Clark Noble. Ìtàn sọ pé ńṣe ni wọ́n ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Best ló sì jẹ. Oníṣẹ́ abẹ ni Banting, òun ló ń la inú àwọn ajá tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí náà. Best ló ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, láìsí òǹkà yìí, wọn kì bá tí mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fún àwọn ajá náà ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ní abẹ́rẹ́ oògùn náà. Ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí James Collip ti sọ di mímọ́ gaara jẹ́ lọ́jọ́ 23 oṣù náà. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní ọdún 1923, Banting àti Macleod ni wọ́n fún, Banting sì pín owó tirẹ̀ fún Best. Ọdún 1925 ni Best ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè dókítà ìṣègùn. Ẹ ò rí i pé láàbù kò dí i lọ́nà.

Kì í ṣe kọ́bọ̀ọ̀dù ni wọ́n ń nù níbẹ̀ lónìí náà. Ẹ mú àyẹ̀wò ṣúgà mímu, níbi tí ẹni tí kò jẹun láti òru yóò ti mu gúlúkóòsì gíráàmù 75, tí wọn yóò sì máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ lórí tábìlì kí wọ́n tó ya omi inú rẹ̀ kúrò lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò purọ́, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà náà lọ. Èèyàn lè ka èyí nínú ìwé kó sì gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ba òwúrọ̀ kan jẹ́ nítorí rẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé. Irú àyẹ̀wò yìí ni Dókítà Anne Sumner ti NIDDK àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò fún àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà tí wọ́n ń gbé àyíká Washington, tí wọ́n fi rí i pé A1C, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn gbára lé, nìkan ń fo nǹkan bí ìdajì lára àwọn tí ṣúgà wọn ti ń kọjá ààlà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí tó ń bínú sí láàbù náà gan-an.

Apá kan ìbẹ̀rù wọn tún wá láti ilé. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń kọ́kọ́ gba másításì, nítorí náà ọdún tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá dà bí ọdún tó sọnù. Ní Amẹ́ríkà, láti dìgírì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣègùn tààrà, ohun tí àwọn tó ń gbà wọ́n sì ń wá ni ẹ̀rí pé ẹni náà ti ṣe ìwádìí rí, àti lẹ́tà olùwádìí tó rí i lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Òótọ́ ni pé owó àjẹmọ́nú náà kò pọ̀, ẹlòmíràn sì wà tí yóò lo ọdún kan níbẹ̀ tí yóò mọ̀ pé ìwádìí kì í ṣe ti òun. Ètò ti NIH náà wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú títí lọ. Ẹni tó wá kàwé pẹ̀lú físà F-1 lè wá irú iṣẹ́ kan náà ní láàbù yunifásítì lábẹ́ OPT, ìyọ̀ǹda fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ nínú ohun tó kọ́, tó jẹ́ oṣù 12, pẹ̀lú oṣù 24 mìíràn fún ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì, bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá wà nínú E-Verify, ètò ìjọba tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́.