Ẹni tó gbé iṣẹ́ wọnú ilé wa, kó gbé ààbò rẹ̀ wá pẹ̀lú

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kò kó gbogbo òṣìṣẹ́ wọn padà sí ọ́fíìsì mọ́. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn mìíràn tún fi kún ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ lè fi ṣiṣẹ́ láti ilé. A fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Victoria Island mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fi ojú ẹni rí. Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé iṣẹ́ wọlé, ààbò rẹ̀ kò bá a wọlé.

Ẹ wo bó ṣe ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà. Ìyá fi ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ láàárọ̀, ọmọ gbà á lọ́sàn-án láti fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí alẹ́ bá lẹ́, gbogbo ilé á fi wo fíìmù tí wọ́n wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ayédèrú ni Windows tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá wọn fi sí i sì ti pa ohun tó ń mú àtúnṣe wọlé. Páswọ́ọ̀dù Mi-Fi ṣì ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, gbogbo àlejò ló sì mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀rọ yìí ni orúkọ, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀pọ̀ èèyàn wà, àwọn tí kò mọ ilé náà, tí wọn kò sì mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Kò ra ẹ̀rọ fún un, kò sì béèrè èyí tó ń lò.

Bí aburú bá wá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù: kò fiyè sí i, ó tẹ líǹkì tí kò yẹ kó tẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2020, àwọn oníjìbìtì gba àkáǹtì Barack Obama, Joe Biden àti Elon Musk lórí Twitter, wọ́n sì kọ ọ́ síta pé kí àwọn èèyàn fi bitcoin ránṣẹ́, àwọn yóò dá a padà ní ìlọ́po méjì. Owó tó lé ní 118,000 dọ́là ló bá a lọ. Ọmọ ọdún 17 kan ní Tampa, ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Nítorí kòrónà, àwọn òṣìṣẹ́ Twitter wà nílé, VPN tí wọ́n fi ń wọ inú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ sì máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn oníjìbìtì pè wọ́n lórí fóònù pé láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni àwọn ti ń pè, pé àwọn fẹ́ bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ VPN. Wọ́n darí wọn sí ojúlé kan tí kò yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀ ni àwọn náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú ojúlé gidi, nígbà tí ìbéèrè ìjẹ́rìísí sì dé orí fóònù, àwọn kan fọwọ́ sí i. Àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ New York ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ ńlá yẹn kò ti ní ọ̀gá tó ń bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà. Ta ni kí á wá dá lẹ́bi?

Ti LastPass ní ọdún 2022 tún dùn wá ju ìyẹn lọ, nítorí títọ́jú páswọ́ọ̀dù gan-an ni iṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló lè ṣí ibi tí wọ́n kó ẹ̀dà détà àwọn oníbàárà sí. Àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ń lò nílé. Inú áàpù tó fi ń wo fíìmù ni wọ́n gbà wọlé. Àtúnṣe sí àléébù áàpù yẹn ti jáde láti ọdún 2020, àmọ́ kò sí lórí ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi ohun tó ń ka gbogbo bọ́tìnnì tó ń tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n dúró dè é títí ó fi tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù lọ. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù bá lè ṣe irú èyí fún iléeṣẹ́ tó gbówó lórí ààbò, kí la rò pé yóò ṣe fún iléeṣẹ́ kékeré ní Ìbàdàn?

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè ni ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ tó bá ní kí òṣìṣẹ́ tọ́jú détà oníbàárà nílé gbọ́dọ̀ fún un ní kọ̀ǹpútà iṣẹ́, pẹ̀lú Windows tí a sanwó fún. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá tíì gbé e, ó kéré tán, kó rí i pé iṣẹ́ ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù náà, tí ọmọ kò lè wọ̀, kí ẹ̀rọ máa gba àtúnṣe, kí áàpù tó ń gbé kóòdù ìjẹ́rìísí jáde, èyí tí a máa ń tẹ̀ lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, sì wà lórí fóònù òṣìṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni áàpù yẹn.

Ìkejì le ju rírà ẹ̀rọ lọ, nítorí ó kan ìwà wa. Ní ọ́fíìsì, bí ímeèlì bá dé pé kí wọ́n san owó ńlá kan sí àkáǹtì tuntun, akáúńtáǹtì á yọjú sí yàrá ọ̀gá: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká san owó yìí?” Nílé, yàrá ọ̀gá kò sí nítòsí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì ní fẹ́ pe ọ̀gá padà láti béèrè bóyá òun ni lóòótọ́, kó má baà dà bí àrífín. Àpọ́nlé yẹn ni oníjìbìtì ń fi jẹun. Ní ọdún 2024, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lẹ́yìn ìpàdé orí fídíò tó rí ọ̀gá ìṣúnná rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ya ojú wọn, tó sì sín ohùn wọn jẹ. Kí gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara wọn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, pé kò sí owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san láìpe òun padà sórí nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ẹni tó bá pè kò rí òun fín.

Òfin wà. Òfin Ààbò Détà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní kí iléeṣẹ́ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò détà, létí láàárín wákàtí 72 bí détà bá bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2024 náà fi wákàtí 72 sí i fún fífi ìkọlù tó ngCERT létí, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó wà nílé. Bó bá mọ̀ pé wọn yóò yọ owó tó bá sọnù kúrò nínú owó oṣù òun, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé, yóò pa ẹnu mọ́, yóò máa gbàdúrà pé kí ó má hàn. Wákàtí mélòó ni yóò ti kọjá kí ọ̀gá tó gbọ́? Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ pé wọ́n tan òun jẹ, wọn kò gbọ́dọ̀ yọ owó rẹ̀ tàbí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi bó bá lọ́wọ́ nínú jìbìtì náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì máa yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí à ń fi ránṣẹ́, fún ètò ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo ta, wọ́n dá a dúró láàárín oṣù kan náà. Ìtara tí wọ́n fi fẹ́ gba owó yẹn lọ́wọ́ wa la fẹ́ kí wọ́n fi kojú agbanisíṣẹ́. Kí NDPC kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ní kedere ohun tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè kí détà tó wọ ilé òṣìṣẹ́, kó sì máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣì ti ń fi Gmail àdáni ṣe iṣẹ́ ìlú.